Owó Púpọ̀ Kọ́ Ni A Fi Ń Gbádùn Ṣíṣe Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ọmọ olówó nìkan ni ó lè fi ṣíṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré najú. Wọ́n ní ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn àgbàlagbà pàápàá ti ń ṣe é, iná mànàmáná ni ó ń wa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, owó gọbọi ni wọ́n sì fi ń rà á. Èmi kò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí owó kò bá tilẹ̀ sí, ọgbọ́n àti sùúrù lè dípò rẹ̀.

Ẹ wo àwa ará Òkè-Ògùn. Ọdún 1896 ni iṣẹ́ rélùwéè bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ṣùgbọ́n kò ya ọ̀dọ̀ wa. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí láàrin Èkó àti Ìbàdàn ní 2021 náà kò dé Ìsẹ́yìn, ká má tilẹ̀ sọ ti Ṣakí. Ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ni kò tíì fi ojú rí ọkọ̀ ojú irin. Ǹjẹ́ ìyẹn ní kí ẹ má ṣe tiyín? Bí a kò bá rí àdàn, òòbẹ̀ ni a fi ń ṣẹbọ.

Agolo sadíìnì tí ó ṣófo yóò di ọkọ̀ akẹ́rù; agolo mílíìkì tí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ yóò di ẹ́ńjìnnì. Ẹ gé ẹsẹ̀ ọkọ̀ láti ara sílípáàsì tí ó ti já. Lẹ́yìn ìkórè, pòròpórò ọkà bàbà kún inú oko: ẹ fi èèpo rẹ̀ tí ó le ṣe irin, kí ẹ sì fi inú rẹ̀ tí ó rọ̀ ṣe igi tí ń dábùú abẹ́ irin. Ẹnu agolo mú o. Ẹ fi òkúta lọ̀ ọ́ kí ó má baà gé yín lọ́wọ́.

Ibi tí ìgbádùn rẹ̀ wà gan-an ni ìwọ̀n. Mílímítà 1,067 ni ó wà láàrin irin méjèèjì ọ̀nà àtijọ́. Ti ọ̀nà tuntun jẹ́ 1,435. Bí ẹ bá fi ẹyọ kan dúró fún ọgọ́rùn-ún, ti àtijọ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 11, ti tuntun yóò sì lé díẹ̀ ní 14. Irú ìṣirò yìí kan náà ni ẹ ń bá pàdé nínú àwòrán ilẹ̀ ní kíláàsì jọ́gíráfì. Ẹni tí ó ra tirẹ̀ nínú páálí, ẹlòmíràn ti bá a ṣe ìṣirò náà tán.

Àwọn òbí kan yóò sọ pé ìranù ni, pé ó ń gba àkókò ìwé. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn bí ọmọ bá torí rẹ̀ pa iṣẹ́ ilé àti ẹ̀kọ́ tì. Èyí tí ó tún burú ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi owó ìwé ra ohun ìṣeré. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì ní ọ̀sán Sátidé kò lè sọ ẹnikẹ́ni di òpè.

Nítorí náà, ní èrò tèmi, ẹ má ṣe dúró de owó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ kọ àròkọ lórí ohun tí ẹ fi ń najú, ẹ kò ní í wá irọ́ pa.