Owó Lọ, Ọjà Kò Dé: Kí Ni Òfin Wí?

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Láti ọdún 2012 tí Jumia àti Konga ti bẹ̀rẹ̀ òwò ní Èkó ni ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń gbòòrò sí i, tí tọmọdé tàgbà sì ti ń rà, tí wọ́n ń tà, lórí Facebook, Instagram àti WhatsApp. Láti Fádèyí títí dé Ṣómólú àti Bàrígà, oníṣọ́ọ̀bù ń ra ọjà lórí ìjókòó rẹ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn gbájúẹ̀ pẹ̀lú ti pàtẹ síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá lu ènìyàn ní jìbìtì, ohun méjì ni àwọn ènìyàn wa sábà máa ń ṣe. Àwọn kan yóò ní àwọn fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, wọn a sì pa ẹnu mọ́ nítorí ìtìjú. Àwọn mìíràn yóò sáré tọ ọlọ́pàá lọ pé kí wọ́n bá wọn gbé ẹni náà tì mọ́lé. Ti ìṣáájú kò tọ́, nítorí sùúrù kò ní kí á fi ẹ̀tọ́ wa sílẹ̀ fún olè. Olè tí a kò bi léèrè lónìí, aládùúgbò wa ni yóò jà lólè lọ́la. Ti ìkejì pẹ̀lú kì í tọ́ nígbà gbogbo, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a bá ń ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ mo mọ ẹni tí mo bá ná ọjà yìí, tàbí n kò mọ̀ ọ́n?

Ká ní obìnrin kan ní Fádèyí rí àwòrán ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun lórí fóònù, ó san ₦180,000, ó wá jẹ́ pé àlòkù tí kò ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé wá fún un. Bí ẹni tó tà á bá ní ṣọ́ọ̀bù, tí a mọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tí ń dáàbò bo oníbàárà wà lẹ́yìn obìnrin náà. Òfin yìí sọ pé ọjà tí a fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu. Ẹni tí kò rí ààyè yẹ ọjà wò kí wọ́n tó gbé e dé lè kọ̀ ọ́ láìpẹ́ púpọ̀, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀ padà. Àkọlé pé “a kì í gba ọjà padà” kò lè pa ẹ̀tọ́ yìí rẹ́. Àwọn tí wọ́n kéwú jinlẹ̀ kò ní rí i bí ohun àjèjì, nítorí khiyār, ẹ̀tọ́ láti dá ọjà alábùkù padà, ti wà nínú fiqhu tipẹ́. Ẹ̀yin oníṣòwò wa, òfin yìí dè yín pẹ̀lú.

Kí obìnrin náà kọ lẹ́tà sí ẹni tó tà á, kí ó béèrè owó rẹ̀, kí ó sì dá ọjọ́ fún un. Bí ó bá kọ̀, kí ó mú ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ àjọ FCCPC ti ìjọba àpapọ̀ tàbí LASCOPA ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ilé ìlàjà ìjọba Èkó tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre wà pẹ̀lú, wọn kì í gba owó. Bí gbogbo èyí bá já sí asán, láti ọdún 2018 ni àwọn kóòtù májísíréètì ní Èkó ti ní ẹ̀ka fún gbèsè kékeré, tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Ènìyàn lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀ láìgba lọ́yà, wọ́n sì là á sílẹ̀ pé kí ẹjọ́ parí láàárín ọjọ́ 60. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a fi béèrè owó gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Nípa ti ọlọ́pàá, òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan. A kò gba ọlọ́pàá síṣẹ́ láti máa bá wa sin gbèsè.

Ṣùgbọ́n bí ẹni tó gba owó bá ti pa fóònù, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ orúkọ èké, tí kò sì sí ṣọ́ọ̀bù níbi tó júwe, èyí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn lórí ọjà. Olè ni. Ní wákàtí náà gan-an ni kí a ké sí báńkì wa, kí a fún wọn ní orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì tí owó lọ sí. Bí owó bá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n lè rí i dì mú. Lẹ́yìn èyí ni kí a lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí EFCC. Lábẹ́ òfin jìbìtì ti ọdún 2006, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 ni, kò sí owó ìtanràn níbẹ̀, kóòtù sì lè pàṣẹ kí wọ́n dá owó padà fún olówó.

Ọ̀nà yòówù kí a gbà, ẹ̀rí ni agbára wa. Ẹ má ṣe pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí fóònù rẹ́. Ẹ tọ́jú àwòrán ọjà, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì àti rìsíìtì. Ẹ sì ṣọ́ra fún gbájúẹ̀ kejì, ẹni tí yóò ní òun yóò bá yín gba owó yín padà bí ẹ bá kọ́kọ́ san nǹkan.

A kò ní tan yín jẹ: owó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀ ṣòro láti rí gbà padà. Nítorí náà, bí ọ̀nà bá wà, ẹ rí ọjà kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ìjọ tí ẹ mọ̀wé, ẹ máa bá àwọn ìyá wa kọ lẹ́tà wọ̀nyí lẹ́yìn Jímọ̀, kí ìtìjú má bàa dí wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.