Bébà àti Pẹ́ńsù Náà Jẹ́ Sàárà



Nígbà tí àjálù bá dé bá iléèwé kan, àwa Mùsùlùmí máa ń tètè dìde. A ó kó ìrẹsì, aṣọ àti ọṣẹ lọ, a ó sì ṣe àdúà fún wọn. Ó dára, kí Ọlọ́hun gbà á ní ìbádà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a máa ń gbàgbé, òun la sì fẹ́ sọ lóṣù yìí: bébà funfun, pẹ́ńsù aláwọ̀ oríṣiríṣi àti ọ̀dà ìyàwòrán.

Ẹ rántí Jangebe ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Lóru February 26, 2021, àwọn agbébọn wọ iléèwé girama àwọn ọmọbìnrin níbẹ̀, wọ́n kó wọn lọ sínú igbó. Ní March 2, ọmọ 279 padà dé. Gbogbo wa ní "Alhamdulillah", ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu wa. Ṣé ó tán lọ́kàn àwọn ọmọ náà? Ní January 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì ní Ẹmùré-Èkìtì. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwa tí a wà nídìí oògùn títà ń rí ohun tó ń tẹ̀lé e. Òbí yóò wọlé, yóò ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi kì í sùn mọ́, ó ń lá àlá burúkú, ẹ bá mi mú Valium." A kì í tà á fún wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ pé kí a má fún ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ nítorí ìpayà tí àjálù dá sílẹ̀. Ó lè mú kí ọmọ sùn, ṣùgbọ́n kì í wo ọgbẹ́ ọkàn, ó sì lè di bárakú.

Kí wá ni àwòrán lè ṣe? Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Àgbà ló lè rín in. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò lè rín in, kò sì lè sọ ọ́, torí ìpayà máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lè ya géètì, ọ̀nà, igi àti òkùnkùn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò bọ́ sórí bébà, yóò lè wò ó, yóò sì lè ká bébà náà sápá kan. Bí ọwọ́ bá ṣe ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ara á máa rọlẹ̀. Kì í ṣe àṣà àná. Adrian Hill, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ikọ́ ẹ̀gbẹ dá dùbúlẹ̀, ló rí i pé àwòrán ń gbé ọkàn òun ró. Ó fi kọ́ àwọn aláìsàn yòókù, títí kan àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́. Ní 1942 ló fún irú ìtọ́jú yìí ní orúkọ tí wọ́n fi ń pè é dòní.

Nígbà tí a dá a lábàá nínú ìgbìmọ̀ mọ́sálááṣí wa, bàbá kan bínú: "Ṣé ère la fẹ́ kọ́ wọn ni?" Ọ̀rọ̀ bàbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. A mọ ohun tí hádíìsì sọ nípa yíya ohun abẹ̀mí. Ṣùgbọ́n nínú Bukhari kan náà, Ibn Abbas tọ́ ayàwòrán kan sọ́nà pé bí kò bá lè ṣe kó má yà, kó ya igi àti ohun tí kò lẹ́mìí. Igi, odò, ilé, òṣùpá, lẹ́tà Lárúbáwá: ó tó ọmọ yà. Bàbá ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun kò takò. Bí ọmọ kan bá sì fi ìpayà ya ènìyàn, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ànọ́bì Yaqub sunkún Yusuf títí ojú rẹ̀ fi funfun. Ìbànújẹ́ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde.

Bí a bá máa ṣe é, kí á ṣe é dáadáa. Kí á ra tuntun, kì í ṣe máàkà tó ti gbẹ nílé. Kí á má lo ọ̀dà ilé, torí òjé lè wà nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Kí omi àti ọṣẹ wà nítòsí, kí wọ́n fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Kí á má gbé máàkì lé e, kí á má fipá mú ẹnikẹ́ni, kí á má sì gbé iṣẹ́ wọn sórí Facebook láti fi polongo ẹgbẹ́ wa. Àmánà ni.

Àwòrán kò rọ́pò dókítà. Bí oṣù kan bá kọjá tí ọmọ kò tíì sùn dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Èyí tó bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé wọn kò ní gbé ọmọ òun dé Àrò láéláé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ kì í ṣe wèrè.

Nínú owó àpò ìrẹsì mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí á yọ ti ẹyọ kan fún bébà àti pẹ́ńsù. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kó sì fún ọkàn wọn ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Àmín.