Ìwé Íńṣọ́ránsì àti Gbèsè Tí Ó Kù Lọ́rùn Awakọ̀

  

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ méjì ni a sábà máa ń gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ ẹnìkan bá kọlu ọmọnìkejì. Èkíní ni pé, "Mo ní íńṣọ́ránsì." Èkejì ni pé, "Kàdàrá Ọlọ́hun ni." Òtítọ́ lè wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó san gbèsè tán nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ìwé náà jẹ́. Òfin ọdún 1945 ni ó sọ ọ́ di dandan ní Nàìjíríà pé kí ọkọ̀ ní ìwé adójútòfò ti ẹni kẹta, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní táàdì pátì. Òfin tuntun lórí iṣẹ́ adójútòfò, tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní ọdún 2025, kò mú ọ̀ranyàn náà kúrò. Ẹni kìíní ni ẹni tí ó ra ìwé. Ẹni kejì ni ilé-iṣẹ́ tí ó tà á. Ẹni kẹta ni ẹni tí ọkọ̀ pa lára tàbí tí ó ba dúkìá rẹ̀ jẹ́. Ìwé yìí kì í tún ọkọ̀ tiwa ṣe. Ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì ni ó wà fún.

Ìwé náà sì ní gbèdéke. Nínú ìlànà tí NAICOM, àjọ ìjọba tí ń mójú tó iṣẹ́ adójútòfò, gbé jáde tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù January 2023, owó táàdì pátì fún ọkọ̀ àdáni kúrò ní ₦5,000, ó di ₦15,000 lọ́dún. Iye tí ilé-iṣẹ́ yóò san lórí dúkìá ẹni kẹta kò ní kọjá ₦3,000,000. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń san ₦100,000, gbèdéke tirẹ̀ sì jẹ́ ₦5,000,000. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń san ₦5,000 fún ₦2,000,000. Ọ̀kadà ń san ₦3,000 fún ₦1,000,000.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ àdáni bá ba mọ́tò tí iye rẹ̀ tó ₦8,000,000 jẹ́ kanlẹ̀, ilé-iṣẹ́ yóò san ₦3,000,000 tí ó bá oníwèé ṣe àdéhùn rẹ̀. ₦5,000,000 ṣẹ́kù. Ọrùn ta ni ó wà?

Sharīa dáhùn ìbéèrè yìí kí ẹnikẹ́ni tó ṣe mọ́tò. Nínú Sūratul-Anbiyā, āyah 78, a rí ìtàn ẹran tí ó jẹ oko olóko lóru, tí ẹjọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ànábì Dāwūd àti Ànábì Sulaymān. Nínú ìwé Muwatta ti Imām Mālik, ràkúnmí al-Barā' ibn ‘Āzib wọ ọgbà ọlọ́gbà, ó bà á jẹ́. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe ìdájọ́ pé olówó ọgbà ni yóò máa ṣọ́ ọ ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n ohun tí ẹran bá bàjẹ́ lóru, olówó ẹran ni yóò san án. Ẹran kò ní èrò ibi, olówó rẹ̀ kò sì rán an níṣẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ olóko kò sọnù. Àṣìṣe a máa mú ẹ̀ṣẹ̀ fúyẹ́, kì í pa ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì rẹ́.

Ní ti ẹ̀mí, Sūratun-Nisā, āyah 92, fi owó dìyà lélẹ̀ fún ará ilé ẹni tí a pa ní àṣìṣe. Àwọn ìbátan ẹni tí ó ṣe àṣìṣe, tí à ń pè ní ‘āqila, ni wọ́n ń pawọ́ pọ̀ san án. Ṣùgbọ́n ní mádhábì Mālik tí a ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ wa, ‘āqila kì í san owó dúkìá tí ènìyàn bàjẹ́, kì í sì í san owó ọgbẹ́ tí kò tó ìdá mẹ́ta dìyà. Ẹni tí ó ṣe é ni yóò san ìyẹn láti inú ohun ìní ara rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ti àwọn ìbátan pàápàá ní gbèdéke.

Ibí yìí ni mo fẹ́ bá àwọn àgbààgbà àdúgbò àti àwọn aáfà ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀. Ó ti di àṣà kí a kó ènìyàn lọ sí ilé ẹni tí ọkọ̀ pa ọmọ rẹ̀, kí a dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí a ní kí wọ́n fi í fún Ọlọ́hun. Àforíjìn dára, āyah náà gan-an mẹ́nu kàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí ni ó yọ̀ǹda? Kí a kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ọkọ̀ náà ní ìwé, àti pé gbèdéke orí dúkìá kò kan owó ẹ̀mí àti ara. Wọ́n lè forí ji awakọ̀, kí ilé-iṣẹ́ sì san ohun tí ó tọ́. Ilé-iṣẹ́ ti gba owó nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Èwo ni ti kí a máa bá a bẹ̀bẹ̀?

Àwọn kan yóò ní harāmu ni íńṣọ́ránsì. Lóòótọ́, ìgbìmọ̀ onímọ̀ Fiqh ti àjọ OIC, nínú ìpàdé wọn ní Jeddah ní ọdún 1985, kò fọwọ́ sí ti oníṣòwò, ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ sí èyí tí àwọn ènìyàn fi ń dá owó jọ láti ran ara wọn lọ́wọ́. Èyí ni tàkáfúlù. NAICOM gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2013, ó sì fún àwọn ilé-iṣẹ́ tàkáfúlù láṣẹ ní 2016. Àwáwí ti tán fún Mùsùlùmí tí ń wakọ̀ láìní ìwé, tàbí tí ó ń ra ìwé òfegè lọ́wọ́ àwọn onígbàjúẹ̀. Kí a sì rántí pé tàkáfúlù náà ní gbèdéke.

Nítorí náà, ẹ ka ìwé yín kí ẹ tó bu ọwọ́ lù ú. Āyah tí ó gùn jù nínú Al-Qur'ān, Sūratul-Baqarah 282, lórí kíkọ àdéhùn sílẹ̀ ni. Ẹ bèèrè iye gbèdéke rẹ̀, àti iye tí ẹ lè fi lé e kí ó lè ga sí i. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ tètè fi tó ilé-iṣẹ́ létí. Bí ohun tí ó bàjẹ́ bá kọjá gbèdéke, ẹ bá ẹni náà ṣe àdéhùn bí ẹ ó ti máa san án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú wàsíyà yín.

Láti ọjọ́ 1 oṣù February 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé yìí káàkiri orílẹ̀-èdè, ọ̀pọ̀ sì sáré lọ rà á nítorí ìbẹ̀rù wọn. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Nígbà kan, Ànábì kọ̀ láti kírun sí òkú ẹni tí ó jẹ gbèsè, àfi ìgbà tí Abū Qatādah gbà láti san án. Dínárì méjì péré ni gbèsè náà.

Kí Allāh má ṣe jẹ́ kí a kú tòun ti ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn wa. Āmīn.