Ọbẹ̀ Bọ́tà Aláta ti Louisiana Nínú Ìdáná Ìjẹ̀dẹ́

Bí ẹ bá ń wo àwòrán oúnjẹ lórí fóònù yín, ẹ ó ti pàdé àwo yìí: akàn, edé ńláńlá, àgbàdo tí a gé sí kéékèèké, ẹyin sísè, àti ọbẹ̀ bọ́tà pupa tí wọ́n dà lé gbogbo rẹ̀ lórí títí ó fi ń dán. Ọbẹ̀ Cajun ni wọ́n ń pè é. Àwọn ilé oúnjẹ ní Lẹ́kí àti Ìkẹjà ń tà á, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré. Tọkọtaya ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé lè ná owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sórí àwo kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀dẹ́. Ọ̀sà Èkó wà lẹ́sẹ̀ ìlú náà. Láti ibẹ̀ dé Báyékù, títí lọ dé ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, àwọn apẹja ń gbé akàn àti edé jáde láti inú omi, àwọn ìyá wa sì ń tà wọ́n ní tútù. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ kọjá afárá, kí ó lọ ra akàn inú ọ̀sà kan náà lówó gọbọi nítorí ọbẹ̀ tí wọ́n dà lé e lórí, ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò nìyẹn. Ohun tí a fẹ́ fi hàn lónìí ni pé ọbẹ̀ yìí kò kọjá agbára ìdáná wa. Bí a bá sì fi èròjà àyíká wa sè é, a kò se ayédèrú, nítorí bí àwọn tó ni ín ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn.

Ta ni àwọn Cajun?

Ọmọ àwọn ará Faransé tó tẹ̀dó sí Acadie ni wọ́n, ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Nova Scotia ní Kánádà lónìí. Ní ọdún 1755, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn kúrò nílé, nítorí pé wọn kò gbà láti búra fún ọba Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe fẹ́ kí wọ́n búra. Wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì tú ọ̀pọ̀ ẹbí ká. Nígbà tó yá, púpọ̀ nínú wọn dé Louisiana, ilẹ̀ àbàtà àti omi ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lẹ́nu àwọn ènìyàn, "Acadien" di "Cadien", "Cadien" sì di "Cajun".

Ilẹ̀ tí wọ́n dé yìí gbóná, ó sì yàtọ̀ sí ilẹ̀ òtútù tí wọ́n ti wá. Ohun tí omi ibẹ̀ fún wọn ni wọ́n ń sè: akàn, ẹja, àti irú edé odò kan tó ní ẹ̀mú bíi ti akàn. Wọ́n bá àwọn ọmọ Áfíríkà níbẹ̀, tí wọ́n ti ń kó lẹ́rú wá láti ọdún 1719. Orúkọ gumbo, ọbẹ̀ tí Louisiana fi ń yangàn, wá láti inú orúkọ tí àwọn ẹ̀yà kan ní àárín gbùngbùn Áfíríkà ń pe ilá.

Ti bọ́tà dé lẹ́yìn. Paul Prudhomme, ọmọ Cajun tó ṣí ilé oúnjẹ K-Paul's sí New Orleans ní ọdún 1979, ni ó sọ ẹja tí a rì sínú bọ́tà, tí a fi ata àti ewé gbígbẹ bò, tí a sì yan lórí irin gbígbóná, di ìlúmọ̀ọ́ká. Àwọn ará Vietnam tí ogun lé wá sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1975 tún tẹ́wọ́ gba edé sísè ti Louisiana. Ní Houston, àwọn ọmọ wọn da bọ́tà àti aáyù lé e lórí, ọbẹ̀ tí ẹ ń rí lórí fóònù sì jọ tiwọn jù lọ. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé ló bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ yìí, ẹni tí ogun lé kúrò nílé ló tún un ṣe, oníkálukú sì lo ohun tó bá níbi tó dé. Ẹni tó wà nílé ara rẹ̀ létí ọ̀sà kò ní ìdí kankan láti tijú.

Èròjà tó ti wà lọ́jà wa

Akàn ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Akàn ọ̀sà wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Callinectes amnicola, àti akàn Louisiana, Callinectes sapidus, ìdílé kan náà ni wọ́n.

Agolo pàpíríkà tí ẹ ń rà lówó ńlá kò ju ata pupa aládùn tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì lọ̀ kúnná. Tàtàṣé wa wà nínú ìdílé ata yìí. Ẹ là á, ẹ yọ kóró inú rẹ̀, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ sá a sínú oòrùn títí tí yóò fi máa dá pọ́kí bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ ra gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn aláta. Ṣọ̀ǹbọ̀ gbígbẹ ni yóò ta lẹ́nu.

Táìmù wà lọ́jà gbogbo. Dípò orégánò, ẹ sá ewé efinrin gbẹ. Èròjà tó ń fún táìmù ní òórùn rẹ̀, thymol, pọ̀ nínú efinrin wa. Nítorí náà, díẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ọbẹ̀ má baà dà bí àgbo. Iyèré yóò dúró fún ata dúdú òyìnbó, ọsàn wẹ́wẹ́ yóò sì pèsè omi kíkan.

Bọ́tà wo ni kí a lò?

Níbí ni kí a ti la ojú wa sílẹ̀. Ohun tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní bọ́tà láti kékeré, èyí tí a fi ń pa búrẹ́dì, màjàrínì ni. Òróró ewéko ni wọ́n fi ṣe é, omi sì pọ̀ nínú òmíràn débi pé yóò máa ta pàrà-pàrà nínú páànù. Inú wàrà màlúù ni bọ́tà gidi ti wá. Nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá. Omi àti èérún wàrà ni ìyókù. Omi àti èérún wàrà yìí ló ń jẹ́ kí ọbẹ̀ ki, kí ó sì dì mọ́ edé lára. Ẹ ka ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì mú èyí tí kò níyọ̀.

Ẹlòmíràn á béèrè pé, "Iná wo ni yóò tọ́jú bọ́tà?" Ìbéèrè náà tọ́, àní ní Ìjẹ̀dẹ́ tí ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbìn wà ní tòsí rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́ láti lè pèsè iná mẹ́gáwáàtì 1,320. Kí ẹ ra bọ́tà lọ́jọ́ tí ẹ ó sè é ni ó dára jù. Ọ̀nà kejì ni òróró màlúù tí àwọn Hausa ń pè ní man shanu. Wọ́n ti sè é títí omi fi gbẹ nínú rẹ̀, nítorí náà kì í tètè bàjẹ́ níta. Ọbẹ̀ tí a fi ṣe kò ní ki bíi ti bọ́tà, ọ̀rá rẹ̀ yóò léfòó, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kò kéré.

Bí a ṣe ń sè é

Fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ wá bọ́tà gíráàmù 250, odindi orí aáyù kan, àlùbọ́sà kékeré kan, tàtàṣé lílọ̀ ṣíbí ìjẹun kan, ṣọ̀ǹbọ̀ lílọ̀ ṣíbí tíì kan, táìmù ṣíbí tíì kan, efinrin gbígbẹ ìdajì ṣíbí tíì, iyèré lílọ̀ ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì, ṣúgà ṣíbí tíì kan, ọsàn wẹ́wẹ́ ńlá kan, àti iyọ̀. Ẹ ní edé ńlá kílò kan àti akàn mẹ́rin.

Ẹ kọ́kọ́ se akàn nínú omi tó ń hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ da edé sí i ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kẹ́yìn. Bí edé bá ti ká kò díẹ̀, tó sì pọ́n, ó ti jinná. Bí ó bá ká jọ bí òrùka, ó ti le jù. Ẹ sẹ́ omi náà, kí ẹ sì tọ́jú ìdajì ife nínú rẹ̀.

Ẹ gé ìdá kan nínú márùn-ún bọ́tà yín, ẹ yọ́ ọ lórí iná kékeré. Ẹ gé ìyókù sí wẹ́wẹ́, ẹ fi wọ́n síbi tútù. Ẹ da àlùbọ́sà tí ẹ ti rẹ́ sínú bọ́tà yíyọ́ títí yóò fi rọ̀, kí ẹ tó da aáyù sí i. Ìṣẹ́jú kan ti tó fún aáyù, nítorí bí ó bá pọ́n jù, kíkorò ni yóò kó bá gbogbo ọbẹ̀. Ẹ wá da àwọn ata àti ewé gbígbẹ sí i, ẹ máa rò wọ́n fún ìdajì ìṣẹ́jú. Ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì. Títa ata àti àwọ̀ pupa tàtàṣé kì í yọ́ dáadáa nínú omi; inú ọ̀rá ni wọ́n ti ń jáde. Ẹni tó bá da ata sínú omi ọbẹ̀ ní tààrà ti fi ìdajì adùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ da omi edé tí ẹ tọ́jú sí i, pẹ̀lú ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀, kí ó hó títí yóò fi ku ìdajì. Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ páànù kalẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹ máa ju bọ́tà tútù náà sí i ní ẹyọ méjì-méjì, kí ẹ sì máa rò ó láìdúró. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ẹ bá dà á papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí ẹ gbé e padà sórí iná líle, ọ̀rá yóò yapa kúrò lára omi. Bí ó bá yapa, ẹ wọ́n omi tútù ṣíbí kan sí i, kí ẹ rò ó kíákíá. Yóò sábà padà bọ̀ sípò. Ẹ fún ọsàn sí i níkẹyìn, kí ẹ dà á lé akàn àti edé lórí.

Ìkìlọ̀ tí kò ṣe é fi ṣeré

Láàyè ni kí ẹ ra akàn. Èyí tó ti kú kí ẹ tó dé ọjà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Edé tó bá ń rùn fínfín kò yẹ fún ọbẹ̀ kankan. Ẹ bi àlejò yín bóyá ara rẹ̀ kọ akàn tàbí edé, nítorí ara àwọn kan máa ń wú lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ ẹ́, ó sì lè dí wọn ní èémí.

Ẹ má ṣe fi ìyókù ọbẹ̀ yìí sórí tábìlì di ọjọ́ kejì. Aáyù tó wà nínú ọ̀rá láìsí òtútù lè bí kòkòrò tó ń ṣe májèlé, májèlé náà sì lè pa ènìyàn láìjẹ́ pé òórùn tàbí ìtọ́wò fi í hàn. Bí ẹ̀rọ amóhun-tutù yín bá ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ni ó pọ̀ jù. Bí iná kò bá dájú, ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tán ni kí ẹ sè. Ní ti iyọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílé mọ ìdí tí a fi ní kí ẹ ra bọ́tà aláìníyọ̀. Bí ẹ bá fi magí sí i, ẹ má fi iyọ̀ sí i mọ́. Bọ́tà fúnra rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́; ẹ fi í sí ìgbà ayẹyẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ lọ sétí omi láàárọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹléja ìgbà tí edé rẹ̀ jáde nínú ọ̀sà. Owó tí ẹ bá ná níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ àti ọwọ́ apẹja ni yóò bọ́ sí. Bí ẹ kò bá rí ànàmọ́ òyìnbó, ẹ fi iṣu sísè jẹ ọbẹ̀ náà. Ó máa ń fa bọ́tà mu dáadáa. Kí ẹ sì fọ ọwọ́ tó lọ ata pẹ̀lú òróró àti ọṣẹ kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.