Ká Tó Pààrọ̀ Aago Tó Ń Ka Ìṣísẹ̀ Wa

Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé yàrá kan ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì, gbogbo wa la sì ń lo aago ọwọ́ tó ń ka ìṣísẹ̀. Ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, a pààrọ̀ rẹ̀ sí irú mìíràn tí bátìrì rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó kú. A rò pé owó nìkan la máa ná ni. A ò mọ̀ pé àkọsílẹ̀ ọdún méjì la fẹ́ fi sílẹ̀.

Òdo ni aago tuntun ti bẹ̀rẹ̀. A kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà ti kìlọ̀ fún ọ̀kan nínú wa nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Inú áàpù àtijọ́ ni àkọsílẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù wà, ó sì ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kó tó rántí. Nígbà tí dókítà ní kó mú un wá, ọwọ́ òfo ló gbé lọ.

Àwọn kan á ní, ṣebí nọ́ńbà lásán ni? Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. 10,000 ìṣísẹ̀ tí gbogbo ayé ń lé lójúmọ́, orúkọ ọjà ló ti wá: ní 1965, ilé iṣẹ́ kan ní Japan ta ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Manpo-kei, ìyẹn ohun tó ń ka 10,000 ìṣísẹ̀. Bí ọwọ́ ṣe ń mì ni aago sì ń wò. Ẹni tó ń gúnyán lè rí i pé aago ti kà á mọ́ ìrìn. Nítorí náà, nọ́ńbà aago kan kì í ṣe òṣùwọ̀n fún òmíràn. Ohun tó wúlò ni bí nọ́ńbà aago kan náà ṣe ń lọ sókè sódò láti oṣù dé oṣù. Ìyẹn gan-an la sọ nù.

Ẹni tí kò pààrọ̀ náà kò bọ́. Google ra Fitbit ní bílíọ̀nù 2.1 dọ́là, ọjà náà sì parí ní oṣù kìíní ọdún 2021. Ilé lè yí ọwọ́ padà kí ayálégbé má kúrò lójú kan.

Èrò wa rèé: kí ẹ tó pa áàpù àtijọ́ rẹ́, ẹ kó ẹrù yín jáde. Google Takeout wà fún Fitbit. Áàpù Health inú iPhone náà ní ibi tí ẹ ti lè kó gbogbo rẹ̀. Ẹ lo aago méjèèjì pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹsẹ̀ wa ló rin ìrìn náà. Ọwọ́ wa ló yẹ kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.