Ọfà Tó Wúwo Ló Ń Wọlé

Bí ọfà ṣe wúwo tó àti bí ó ṣe ń sáré tó ni agbára tó ń gbé dé ara ẹran. Àwọn tó ń ṣe ọrun ìgbàlódé sábà máa ń kéde ìyára nìkan, ọfà fífúyẹ́ tí kò ju nǹkan bí gíráàmù 23 lọ ni wọ́n sì máa ń fi wọ̀n ọ́n. Ọdẹ tó gbé ọfà tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ wọ igbó kò ní rí ìyára yẹn. Ó yẹ kó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rọ wà fún un, ṣùgbọ́n ilẹ̀ títẹ́jú àti okùn ìwọ̀n tó. Ohun tó bá já bọ́ láti gíga mítà 1.25 yóò kanlẹ̀ ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ì báà jẹ́ òkúta, ì báà jẹ́ ọfà tí a ta gbọọrọ. Kí ọdẹ jókòó sórí àpótí, kí ọfà wà ní gíga yẹn, kó má kọjú sókè, kó má kọjú sílẹ̀. Ìlọ́po méjì ibi tó kọ́kọ́ kanlẹ̀ ni mítà tó ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kì í ṣe àárín ilé ni a ti ń ṣe èyí. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò sí níwájú ni.

Ká sọ pé ọrun kan ta ọfà gíráàmù 20 dé mítà 30, ó sì ta ti gíráàmù 30 dé mítà 26. Ìyára wọn jẹ́ 60 àti 52. Kí a sọ ìyára di ìlọ́po ara rẹ̀, kí a fi ìwọ̀n ọfà ní kílógíráàmù sọ ọ́ di púpọ̀, kí a pín in sí méjì: ti àkọ́kọ́ jẹ́ júùlù 36, ti èkejì lé díẹ̀ ní 40. Èyí tó lọ́ra ló lágbára jù, nítorí ọfà fífúyẹ́ máa ń fi agbára púpọ̀ sílẹ̀ fún ọrun àti ọsán, tí wọn yóò máa gbọ̀n.

Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn ọdẹ tó fi oró èso Strophanthus pa ọfà kò nílò agbára tó bẹ́ẹ̀: bí ọfà bá ti lu awọ, oró yóò dé ọkàn. Ọfà tí kò ní oró gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọkàn kọjá.

Ìyára kò sì lè borí etí ẹran. Ohùn ọsán ń rìn ní nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní mítà 30, ẹtu ti gbọ́ ọ kí ọfà tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 52 tó rìn mítà márùn-ún, àyè sì wà fún un láti fò kúrò. Ní mítà 15, àyè náà dín sí ìdajì. Ìdí nìyí tí ọdẹ fi ń rápálá súnmọ́ ẹran.