Pẹ́dà Tó Ń Di Ẹsẹ̀ Mú: Ẹ Má Fi Ọrùn-Ọwọ́ Ọmọ Wa Ṣe Fáàrí Mọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Jos àti Bukuru, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ Sátidé, ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí lè bí àwọn kan nínú. Kó bí wọn.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ wa kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 ṣubú lójú ọ̀nà Bukuru. Kò sáré. Kò kọlu ẹnikẹ́ni. Kẹ̀kẹ́ NAPEP tó wà níwájú rẹ̀ ló dúró lójijì láti gbé èrò, òun náà tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lára pẹ́dà. Ó kàn rọra dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí igi tí wọ́n gé ni. Ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Apá ọ̀tún ló dà sí, lẹ́bàá gọ́tà. Ká ní apá òsì ni, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn... ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Road bike náà ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó tà á fún un ló bá a de pẹ́dà mọ́ ọn, ó sì fún sípíríǹgì rẹ̀ le pinpin, ó ní bí àwọn tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìn ín pé ó ti di ọ̀gá. Àwa tí à ń kọ èyí wà nínú àwọn tó yìn ín, a ò ní purọ́. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó bi í pé, "Ṣó o mọ bó o ṣe máa yọ ẹsẹ̀?"

Látìgbà yẹn la ti pín sí méjì níbí. Àwọn àgbà ní ká ta kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n ní èwo ni ti kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ de ara rẹ̀ mọ́ irin. Àwọn ọ̀dọ́ ní kò sẹ́ni tó ń gun road bike tí ò ṣubú rí, pé kí ọmọ náà gbọnra nù. Ẹ dárí jì wá, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣì í.

Ẹ̀yin bàbá wa, a mọ̀ pé Raleigh oní-pẹ́dà rọ́bà lọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà wá síbí fi ń kó aṣọ kiri, kò sì sẹ́ni tó de ẹsẹ̀ wọn. Òótọ́ ni. Àmọ́ pẹ́dà tí à ń sọ yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe láti de èèyàn. Kó tó dé, kéèjì irin kékeré àti okùn awọ ni àwọn eléré-ìje fi ń há ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ kó fi ọwọ́ tú okùn náà. Kéèjì yẹn ni wọ́n ń pè ní toe clip, èyí tí ò ní in ló wá ń jẹ́ clipless, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń di bàtà mú. Lọ́dún 1984 ni ilé-iṣẹ́ LOOK ní ilẹ̀ Faransé gbé tiwọn jáde, Bernard Hinault sì fi í gba Tour de France 1985. Ẹ wá gbọ́ èyí o: iṣẹ́ tí LOOK mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ohun tó ń di bàtà àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín mú, tó sì máa ń já fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá ṣubú, kí egungun ẹsẹ̀ wọn má baà ṣẹ́. Ara ohun tó ń tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Ẹni yí gìgísẹ̀ síta, kó jáde, ó parí. Pẹ́dà tí ò bá jáde, ẹni tó tò ó ni kẹ́ ẹ mú.

Ó wá kan ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Ọ̀kan ni ti bóòtù mẹ́ta, irú LOOK Keo àti SPD-SL ti Shimano. Ìkejì ni ti bóòtù méjì, SPD, tí Shimano kọ́kọ́ ṣe fún kẹ̀kẹ́ orí òkè. Ẹ ti gba ara yín lérò pé ẹni tó bá fi SPD sára road bike kò tíì dàgbà. A ti gbọ́ ẹ̀rín yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí à ń gùn, ẹ jọ̀ọ́. Cleat, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi bóòtù de mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà, ti oníbóòtù mẹ́ta jẹ́ pílásítíìkì, ó sì yọ síta. Tí táyà bá bẹ́, tẹ́ ẹ sì ń ti kẹ̀kẹ́ lọ lórí ilẹ̀ pupa wa yìí, ẹ ń jẹ owó yín lẹ́sẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá dé orí táìsì, ẹ ó máa rìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Ti SPD jẹ́ irin, ó sì rì sínú àtẹ́lẹ̀ bàtà, èèyàn lè fi wọ ọjà kó ra kúlíkúlì. Pẹ́dà SPD irú M520 ní ẹnu níhà méjèèjì. Èyí tó bá kọjú sókè, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ti bóòtù mẹ́ta, ojú kan ló ní. Ẹ ó fi ọmọ-ìka wá a láàárín oríta, pẹ̀lú trailer lẹ́yìn yín.

Cleat SPD tún pín sí méjì, olùtajà kì í sọ. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ SH51, ìhà ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ń jáde sí. SH56 ń jáde sí ọ̀nà púpọ̀, kódà tẹ́ ẹ bá fa ẹsẹ̀ sókè tagbáratagbára. SH56 ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dẹ sípíríǹgì rẹ̀ dé òpin.

Àwọn tó bá ṣì fẹ́ bóòtù mẹ́ta, a ò bá wọn jà, ó dáa fún ìrìn àjò gígùn. Àmọ́ ẹ má fi àwọ̀ ra cleat o. Pupa ti SPD-SL kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yí rárá, búlúù fi ìwọ̀n 2 sílẹ̀, yẹ́lò 6. Ti Keo yàtọ̀ pátápátá: dúdú ni kì í yí, gíréè 4.5, pupa 9. Ọ̀kan ò sì wọ pẹ́dà èkejì, bí wọ́n tiẹ̀ jọra lójú. Tòkunbọ̀ tí wọ́n ta fún ọmọ wa, cleat pupa Shimano ló wà níbẹ̀. Kó tó ṣubú ló ti ń sọ pé orúnkún ń dun òun. A ní kó máa gùn ún lọ.

Àwa tá a jù ú lọ la jẹ̀bi, ká sọ òótọ́.

Dókítà ti ní POP náà á pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A ti bá a ra SPD àti SH56, a sì ti bẹ ìyá rẹ̀ kó má ta kẹ̀kẹ́ náà. Ó ní òun ń ronú sí i. Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí gbogbo ẹni tó bá ní pẹ́dà yìí mú bàtà rẹ̀ dání, kó sì mú allen key oní-3 mílímítà. A ó jọ dẹ sípíríǹgì, a ó fara ti ògiri, a ó máa há ẹsẹ̀, a ó máa yọ ọ́, ọ̀tún kọ́kọ́, torí ọ̀tún ni etí títì wà. Ẹni tí ò bá lè yọ ẹsẹ̀ nígbà ogún láìwo ilẹ̀, ọmọ ẹnì yòówù kó jẹ́, kò ní bá wa dé Vom.